Apá Òsì Ìbọn Bàbá Mákánjúọlá

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Lọ́kọ́jà àtijọ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn kẹ̀kẹ́ ń kọjá lójú títì. Mi ò mu ọtí rí láyé mi. Ara mi dá lọ́jọ́ náà, mi ò sì tòògbé. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń tú ìbọn, mo mọ ohun tí irin lè ṣe, mo sì mọ ohun tí irin kò lè ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi í sílẹ̀. Kò sí èyí tó máa dùn mí nínú méjèèjì.

Sùrájù ni orúkọ mi. Mi ò tíì fẹsẹ̀ kan Mẹ́kà, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Alàájì, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé àlàyé ti sú mi. Ìlọrin ni bàbá bàbá mi ti wá. Bùràímọ̀, bàbá mi, ló kọ́ mi níṣẹ́ àtúnṣe ìbọn ọdẹ, ọwọ́ mi ló sì máa parí sí, torí pé àwọn ọmọ mi ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà l'Ábújá. Láti ìgbà tí Jẹ̀mílátù ìyàwó mi ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, nǹkan kì í tètè dé ara mi mọ́. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀, màá gbọ́. Ẹ sọ òkò lù mí, ó ṣeé ṣe kí n kọ́kọ́ tẹjú mọ́ òkò náà ná. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nígbà ọyẹ́, tí Martha wọlé. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Obìnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé nǹkan gígùn kan dání tó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wé, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn. Ó kí mi, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì tú aṣọ náà.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni, èyí tí àwọn ọdẹ ń pè ní dọ́búlù. Ó ti pẹ́. Ó ju ọjọ́ orí mi lọ dáadáa. Òòlù méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, wọ́n yọ síta bí etí ewúrẹ́. Ọdẹ máa ń fi àtàǹpàkò gbé òòlù yẹn sókè kó tó fa tírígà. Ẹnu òsì ní òòlù tirẹ̀, ẹnu ọ̀tún ní tirẹ̀, ọ̀kan kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ èkejì. Páálí kékeré kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn, nọ́ńbà nìkan ló wà lára rẹ̀.

"Ìwé àṣẹ rẹ̀ nìyí," ó wí. "Ọdún márùn-ún ló lò lọ́wọ́ ìjọba. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, Alàájì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò nìyẹn."

Mo dúró kó sọ èyí tó kù.

"Ó pa Obed," ó wí. "Àbúrò mi."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka àdírẹ́sì. Mo wá mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni nǹkan kì í tètè dé ara rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Bàbá rẹ̀, Bàbá Mákánjúọlá, àgbẹ̀ ni wọ́n, ọdẹ sì ni wọ́n, ní abúlé kan lọ́nà Kàbbà. Wọ́n mú Obed dání lọ lé ọ̀yà lóko. Obed wà níwájú, Bàbá wà lẹ́yìn. Ìbọn dún. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá ní èjìká lòun gbé ìbọn kọ́, òun kò gbé òòlù sókè, ìka òun kò sì dé ìdí tírígà. Ìjọba wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ìjàǹbá ni, wọ́n dá Bàbá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá, ìyá Martha, kò dá wọn sílẹ̀ ní tiwọn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin Obed ni Màmá kó ẹrù wọn kúrò nínú yàrá. Láti ọjọ́ náà wọn kò bá Bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan, wọn kò sì se oúnjẹ fún wọn.

"Àwọn alàgbà ìjọ bẹ Màmá títí," Martha wí. "Ohun kan náà ni Màmá ń sọ. Wọ́n ní ìbọn kì í dá yìn. Wọ́n ní kí ẹni tó mọ inú ìbọn tú u wò. Tó bá sọ pé ó lè yìn láìjẹ́ pé ẹnìkan fà á, àwọn máa lọ bá Bàbá."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ mi ní Lokongoma. Ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́. Dókítà ní ká gbé wọn lọ sílé, ká máa tọ́jú wọn níbẹ̀." Ó wo ìbọn náà. "Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ kí Màmá wá bá àwọn kí àwọn tó kú."

"Tí mo bá tú u, tí mo rí i pé kò lè dá yìn ńkọ́?"

"Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí."

Ní ilé wa, ẹni tó bá gbé ìbọn wá gbọ́dọ̀ jókòó tì wá títí a ó fi tú u tán. Bàbá mi kì í tú ìbọn lẹ́yìn oníbọn. Aṣọ funfun la máa ń tẹ́. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, èmi á kà á sókè, ẹni tó jókòó á kà á tẹ̀lé mi, kó má baà sí àríyànjiyàn lẹ́yìn ọ̀la. Òsì la fi ń bẹ̀rẹ̀. A kì í sì í fọwọ́ kan ọ̀tún títí òsì á fi padà sáyè rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yà méjèèjì jọra bí ìbejì, tí wọ́n bá ti dàpọ̀, ìbọn bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò tíì rú òfin yìí rí.

Mo ṣí ìbọn náà, mo wo inú ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ọta. Ìpẹtà ti bò wọ́n nínú, òsì àti ọ̀tún bákan náà. Mo yọ ọ̀pá kúrò, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi sikudiráfà tú sìkúrù gígùn tó gba àárín kọjá. Mo fi igi gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, irin pẹlẹbẹ apá òsì sì jáde sọ́wọ́ mi. Òòlù wà lójú rẹ̀, gbogbo ohun tó ń mú òòlù ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún Martha bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún gbogbo ènìyàn. Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Òòlù, òun ló ń gbá ọta. Sìpírìngì, òun ló ń ju òòlù. Ìkọ́, irin kékeré kan tó ní eyín, òun ló ń di òòlù mú lókè títí ìka á fi fa tírígà.

"Bí ìbọn bá dá yìn," mo wí, "eyín ìkọ́ yìí ló ti jẹ. Tó bá ti jẹ, òòlù á yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀nà míì."

"Ẹ wo ibẹ̀, nígbà náà."

Mo fún sìpírìngì pọ̀, mo yọ ọ́. "Ọ̀kan," mo wí. "Ọ̀kan," ó wí. Sìkúrù kékeré méjì. "Méjì, mẹ́ta." Ó tẹ̀lé mi. Ìdérí tó bo ìkọ́. "Mẹ́rin." Sìpírìngì wẹ́wẹ́ tó ń ti ìkọ́ lẹ́yìn. "Márùn-ún." Ìkọ́ fúnra rẹ̀. "Mẹ́fà." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Mo mú awò mi, mo gbé ìkọ́ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Eyín rẹ̀ mú. Mo fi èékánná họ ọ́. Mo padà wo ojú ibi tí ó ti máa ń di òòlù mú. Kò jẹ, kò yọ̀. Mo ti rí ìbọn tuntun tí inú rẹ̀ kò dára tó báyìí.

Ìkọ́ yìí kò lè já òòlù sílẹ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn, ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Bàbá arúgbó kan máa kú láìrí ìyàwó rẹ̀ nítorí pé irin kan dára. Mo mọ̀ pé ó burú. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni, bí mo ṣe mọ̀ pé Ganaja jìnnà sí ibi tí mo dúró sí.

Mi ò tíì sọ nǹkan kan nígbà tí wọ́n pe ìrun Àílà. Mo ní kí Martha dúró dè mí. Mo ti fi irin pẹlẹbẹ náà sẹ́nu fáìsì, irin ìdìmú tó wà lórí tábìlì, mo sì ti fún un pinpin. Òòlù nìkan ló kù lára rẹ̀. Kò ní ìkọ́ mọ́, kò ní sìpírìngì, ó ń mì dirodiro bí ọrùn adìyẹ tí a ti pa. Mo sọdá títì, mo lọ kírun.

Nígbà tí mo padà dé, Martha jókòó bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀.

"Ó dún," ó wí.

"Kí ló dún?"

Ó na ìka sí fáìsì. Mo wò ó. Òòlù dúró lókè.

Òòlù tí kò ní ìkọ́ kò lè dúró lókè. Mo wo aṣọ funfun. Ìkọ́ wà níbẹ̀, ìkẹfà lórí ìlà. Sìpírìngì wà níbẹ̀, èkíní.

"Ṣé o fọwọ́ kàn án?"

"Rárá."

"Ṣé ẹnikẹ́ni wọlé?"

"Rárá, Alàájì. Ó dún ẹ̀ẹ̀mejì. Kẹ́, kẹ́. Mo gbójú sókè, ó ti dìde."

Kẹ́ méjì. Ìró tí ìkọ́ máa ń dún nìyẹn nígbà tí ọdẹ bá ń fi àtàǹpàkò gbé òòlù, ẹ̀ẹ̀kan ní ìdajì, ẹ̀ẹ̀kan lókè pátápátá. Martha kò lè mọ ìyẹn. Ó ti sọ fún mi pé òun kò fọwọ́ kan ìbọn rí títí di oṣù yẹn.

Mo jókòó tì í. A jọ ń wò ó. Lóde, ẹnìkan ń fi Haúsá bú oníkẹ̀kẹ́ kan, oníkẹ̀kẹ́ sì ń fi Pidgin dá a lóhùn. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ àwọn tó ń jà mọ́. Mi ò gbọ́ kẹ̀kẹ́. Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láti ìsàlẹ̀ odò, èyí tí kì í dákẹ́ lọ́sàn-án. Mo ń rí àwọn ènìyàn tó ń kọjá. Ẹnu wọn ń mì. Kò sí ìró kankan.

Òòlù já. Pá.

Kì í ṣe bí irin tó ṣubú. Bí irin tí wọ́n jù ni. Tábìlì gbọ̀n, àwọn ẹ̀yà tó wà lórí aṣọ fò sókè díẹ̀, wọ́n padà sílẹ̀. Ìró òde sì dé lẹ́ẹ̀kan náà, oníkẹ̀kẹ́ ṣì wà lẹ́nu èébú rẹ̀.

Mo yẹ ara mi wò bóyá ẹ̀rù ń bà mí. Kò bà mí. Ó yẹ kó bà mí. Títí dòní, ohun tó ń kọ mí lóminú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Mo fi àtàǹpàkò gbé òòlù náà sókè. Kẹ́. Kẹ́. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Eyín kan ń gbà á mú, níbi tí kò ti sí eyín. Mo mú ọwọ́ mi kúrò. Ó dúró.

"Fún mi ní báírò rẹ," mo wí.

Mo tẹ́ báírò náà sórí ẹnu fáìsì, sábẹ́ òòlù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà nínú. Mo ń sún mọ́ mẹ́wàá nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ náà tún dé. Mo ka mẹ́rìnlá. Pá. Báírò dá sí méjì, yíǹkì rẹ̀ ta sára aṣọ funfun. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, láìsí báírò. Mẹ́rìnlá. Pá. Nígbà tí mo tún gbé e, kò dúró mọ́. Ó wó, dirodiro, bó ṣe yẹ kí irin tí kò ní ìkọ́ ṣe.

Martha mú ìdajì báírò rẹ̀, ó ń wò ó. "Ṣé pé ó dá yìn nìyẹn?"

"Mi ò mọ ohun tó jẹ́."

"Alàájì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màmá ń fẹ́."

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ kan."

Ó ti ń tẹ fóònù rẹ̀. Ó gbé e sáàárín àwa méjèèjì, kí a jọ lè máa gbọ́. Màmá gbé e. Ohùn wọn le, kò sì yára. Wọ́n kí mi bí àwọn ará wọn ṣe ń kíni, "Òkun o," mo sì dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Lọ́kọ́jà mọ̀ ọ́n dá lóhùn.

"Ìwọ lo tú u?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kí lo rí tó bàjẹ́ nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ nínú rẹ̀."

Martha ti di ojú rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ó ń dún, Màmá," mo wí. "Mo ti tú u palẹ̀, ó sì ń dún fúnra rẹ̀. Òòlù apá òsì."

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Martha."

"Ọmọ bàbá rẹ̀ ni Martha. Má tò ó padà. Mò ń bọ̀ wá gbọ́ ọ fúnra mi."

Ọjọ́rú ni wọ́n dé. Ìyá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bàtà wọn mọ́ tónítóní láìka eruku sí. Ọ̀dọ̀ ọmọ ìjọ wọn kan ní Felele ni wọ́n wọ̀ sí. Martha bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sùn ní Lokongoma, wọ́n ní àwọn kò ní wọ ilé tí ọkùnrin yẹn wà títí ìbọn á fi dún sí àwọn létí. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi láti aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n kọjú sí fáìsì.

Mo gbé òòlù sókè fún wọn. Ó wó. Mo tún gbé e. Ó wó.

"Báyìí lo ṣe ṣe é lánàá?"

"Báyìí náà ni, Màmá."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Kò dún ní Ọjọ́rú. Mò ń tún ìbọn ẹlòmíràn ṣe lẹ́yìn wọn, mo ń rọra gbá irin kó má baà dí wọn létí. Wọ́n jẹ àkàrà tí wọ́n gbé wá láìmú ojú kúrò lára tábìlì. Mo lè ti tú apá ọ̀tún wò láàárín ìgbà náà, ṣùgbọ́n òsì kò tíì padà sáyè rẹ̀, wọ́n sì ti ní kí n má tò ó. Ohun kan sì wà tó yẹ kí n ti béèrè lọ́wọ́ Martha kí n tó mú sikudiráfà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí fún ọ̀sẹ̀ kan péré ì bá ti béèrè rẹ̀. Mi ò béèrè, kò sì wá sí mi lọ́kàn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Martha yà wọlé nígbà ìsinmi ọ̀sán.

"Wọ́n ti sọ fún Bàbá pé Màmá wà ní Lọ́kọ́jà," ó wí. "Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ ọ́. Bàbá ò jẹun mọ́ láti àná. Wọ́n ní ọwọ́ Màmá làwọn máa ti jẹun."

Màmá gbọ́. Wọn kò yíjú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kẹ̀kẹ́ á gbé wa débẹ̀ kí ogún ìṣẹ́jú tó pé."

"Jẹ́ kó dún fún mi," wọ́n wí.

Martha tún okùn káàdì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó sì padà síbi iṣẹ́.

Nígbà tó ku èmi àti Màmá, mo gbé omi fún wọn. Wọ́n gbà á.

"Tí kò bá dún ńkọ́, Màmá?"

Wọ́n mu omi náà tán kí wọ́n tó fọhùn. "Èmi ni mo wẹ ọmọ yẹn nígbà tí wọ́n gbé e dé láti oko," wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dárí ji bàbá rẹ̀, Alàájì. Mi ò rí ibi tí màá gbà ni." Wọ́n dá ife padà fún mi. "Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò ní gbọ́ ọ tó bá dún."

Ọjọ́ Ẹtì, mo kí ìrun Jímọ̀, mo padà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Fóònù wọn dún. Martha ni. Ó ní Bàbá kò gba omi pàápàá mọ́, ètè wọn ti ń bó. Màmá ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n pa fóònù, wọ́n fi í sápò, wọ́n tún kọjú sí fáìsì.

Mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo tẹjú mọ́ òòlù náà. Ó ti wó sílẹ̀ láti Ọjọ́rú, eruku ọyẹ́ sì ti bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Títì ń pariwo. Àwọn tó ń ti Jímọ̀ bọ̀ kún ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ń fun fèrè, ẹnìkan ń ta omi inú ọ̀rá. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo mọ̀ yẹn kò dé. Mi ò ṣẹ́jú.

"Ó dún," Màmá wí.

Òòlù kò mì. Eruku tó wà lórí rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n yíjú sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa wo ojú mi tààrà. "Ṣé o gbọ́ ọ?"

Mi ò tíì purọ́ nípa ìbọn rí. Bàbá mi kì bá ti jẹ́ kí n jókòó sídìí tábìlì yẹn ká ní mo jẹ́ ẹni tó lè purọ́ nípa ìbọn.

"Mo gbọ́ ọ, Màmá."

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n jáde lọ dá kẹ̀kẹ́ dúró. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé Lokongoma làwọn ń lọ.

Martha ló sọ èyí tó kù fún mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Bàbá. Ó ní Màmá wọlé, wọn kò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n kọjá sí kíṣìnnì. Wọ́n gún iyán díẹ̀, wọ́n jẹ́ kó rọ̀ dáadáa, wọ́n se ẹ̀gúsí láìfi ata sí i. Wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fọwọ́ ara wọn bu òkèlè sí Bàbá lẹ́nu. Bàbá jẹ ẹ́. Omi ń dà lójú wọn, wọn kò nù ún.

"Mo gbọ́ ọ," Màmá sọ fún wọn. "Ìbọn yẹn ni. Ọwọ́ yín kò sí níbẹ̀. Òòlù apá òsì ni, ó ń dá a ṣe."

Bàbá gbé èyí tó wà lẹ́nu wọn mì. "Òsì?"

"Òsì ni."

"Mi ò ki nǹkan sí òsì lọ́jọ́ náà," Bàbá wí. "Ọta kan ṣoṣo ló kù nílé. Ọ̀tún ni mo fi sí."

Martha ní ọwọ́ Màmá dúró lófuurufú pẹ̀lú òkèlè. Òun alára wà lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè jáde. Bàbá ń wo Màmá. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn, ó ní. Wọ́n lè ti dákẹ́ kí wọ́n máa jẹun wọn. Ṣùgbọ́n láti kékeré òun, òun kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu bàbá òun rí.

Màmá fi òkèlè náà sí wọn lẹ́nu. "Ẹ jẹun," wọ́n wí.

Kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú ilé yẹn. Bàbá lo ọjọ́ mẹ́sàn-án sí i. Ọwọ́ Màmá ni wọ́n ti jẹ gbogbo oúnjẹ tí wọ́n jẹ.

Mo sọ fún Martha pé ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, ẹnu tó yìn lọ́jọ́ náà. Òsì la fi ń bẹ̀rẹ̀. Òsì dún, mo sì gbàgbé pé ìbọn náà ní apá kejì. Kò bá mi wí. Ó kàn béèrè bóyá mo ti tú ọ̀tún. Mo ní rárá, òsì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò padà. Ó ní kí ìbọn náà wà lọ́dọ̀ mi ná, òun kò fẹ́ kó wọ ilé òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá pè mí láti abúlé.

"Òkun o."

"Òkun o, Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Ọjọ́ Ẹtì yẹn," wọ́n wí. "Ṣé lóòótọ́ lo gbọ́ ọ?"

Mo ya ẹnu mi. Wọn kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Má dá mi lóhùn." Mo gbọ́ tí wọ́n jókòó, mo gbọ́ tí àga dún. "Wàá tú apá ọ̀tún."

"Iṣẹ́ mi ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Bí o bá tú u, má pè mí."

Mo tú u ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Mi ò pè wọ́n.